Kòtò Ṣálángá Tí A Pè Ní Bọ́ńkà

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù nípa àwọn ọ̀dọ́ tó há sábẹ́ ilẹ̀, kó má wá sí Ìkéré. Òkúta ló wà lábẹ́ ìlú wa. Ibi àkọ́kọ́ tí a gbẹ́, kòtò náà kò tíì ju orúnkún lọ tí díígà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná. Olùdarí wa wò ó títí, ó ní a lè dọ̀bálẹ̀ ká máa yà á láti ẹ̀gbẹ́, yóò dà bí ihò tó jìn. Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà bi í bóyá ewúrẹ́ ni yóò há síbẹ̀.

Èmi ni mo kọ ìtàn fíìmù náà. Mo gboyè lórí eré orí ìtàgé ní yunifásítì, mo sì ti ń fi oyè náà kọ́ àwọn ọmọ girama ní lítíréṣọ̀ láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ti Èkó dé wá sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣe fíìmù tó ń dá ọpọlọ rú, mi ò sùn dáadáa mọ́. Mo kọ ìtàn àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rin tó sá fún ìdánwò wọ inú ihò kan, tí ihò náà dé mọ́ wọn lórí, tí wọ́n gbà pé apànìyàn kan ló dé e, tí wọ́n wá ń fura sí ara wọn nínú òkùnkùn. Ní ìparí, a ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin kò sí rárá. Olùdarí bi mí pé èwo ni. Mo ní òǹwòran ni yóò pinnu. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà kò mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú àwọn mẹ́rin náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, eré ṣíṣe sì wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀: bí o bá ní kó sunkún, yóò sunkún, bí o bá ní ó tó, ojú á gbẹ. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni kì í lè sùn nínú yàrá tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ mú un ní Emùré, ìyá rẹ̀ ń sá kòkó lágbàlá, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ibo lẹ fẹ́ há wọn mọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré lásán ni. Ihò kékeré kan ni, àkàbà wà nínú ẹ̀."

"Ẹ ò ní dé e mọ́ ọn?"

"A ò ní dé e."

"Bó ṣe ń lọ yìí ni kó ṣe padà bá mi o. Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. Mi ò mọ fíìmù kankan."

Ìwé ìtàn náà wà lábíyá mi bí mo ṣe ń dá a lóhùn. Lójú ewé kẹta, mo ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan: ihò náà dé mọ́ wọn.

Lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀ la ti wá rí ilẹ̀ tó rọ̀. Ilé kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ga ju ojú fèrèsé lọ, èèyàn kan tó ń gbé Èkó ló ni ín. Ó ti gbẹ́ ṣálángá sílẹ̀ kó tó kọ́ yàrá, ẹnikẹ́ni kò sì tíì lò ó. Kòtò náà fẹ̀, ó jìn tó ìdúró èèyàn méjì, kọ̀nkéré pẹlẹbẹ tí wọn yóò fi dé e sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹrù lébìrà mẹ́rin. Olùdarí de fìlà dúdú, ó wé sikáàfù mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán, ó yí kòtò náà po. "Bọ́ńkà nìyí," ló wí, bí ihò tí àwọn ọmọ ogun fi ń sá pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá pè é ní ṣálángá, olùdarí á bá a wí.

Lọ́jọ́ kìíní, a kò dé e. Ìkíni ló kọ́kọ́ fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀nà oko gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá, kò sì sí ẹni tó ń ti oko bọ̀ tó lè rí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ kó má kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ohùn mẹ́rin á dáhùn láti abẹ́ ilẹ̀: "Ẹ ṣé, mà! Ẹ kú àbọ̀, mà!"

"Gé e!" Olùdarí á fò sókè. "Ta ló ń kí èèyàn nínú bọ́ńkà? Ẹ ti há o! Ó di ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ ti jẹun gbẹ̀yìn!"

"Ẹ má bínú, sà," ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ké láti ìsàlẹ̀. "Ìyá àgbà ló kí wa, sà."

"Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa lọ!"

"Wọ́n mọ bàbá mi, sà."

Lọ́jọ́ kejì, olùdarí ní ẹ̀rù kò ba àwọn ọmọ náà tó, pé ẹni tó bá ṣì ń rí ojú ọ̀run kò tíì há. Ó nawọ́ sí kọ̀nkéré, ó sì wò mí. "Ìwọ náà lo kọ ọ́." Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà nísàlẹ̀ àkàbà, ó gbójú sókè.

"Bọ̀dá, ṣebí ẹ ní wọn ò ní dé e?"

Mo lè sọ pé rárá. Ohun tí mo sọ ni pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, pé páìpù afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, pé bí ó bá ti sú u kó pariwo. Mo tún fi kún un pé ẹ̀rù ni irinṣẹ́ òṣèré. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ ó dùn létí mi. Èmi tí mo ní kó pariwo yìí náà ni mo kọ ọ́ pé kí gbogbo wọn máa pariwo láti ojú ewé kẹrin títí dé ìkẹsàn-án.

Àwọn lébìrà gbé kọ̀nkéré dé e, kámẹ́rà kékeré tó ń ríran nínú òkùnkùn sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Olùdarí ní kí wọ́n lọ dúró lọ́nà jíjìn, nítorí ẹ̀rín wọn ń wọnú ẹ̀rọ.

Ariwo bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. "Apànìyàn! Ẹ ṣí i! A ó pa yín tá a bá jáde!" Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan gba ẹnu páìpù wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá wa ṣí i díẹ̀, sà."

"Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀," olùdarí pòṣé. "Ta ló ń pe apànìyàn ní sà?"

Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ohùn yìí dáa."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Mo mọ ilé tí a ti tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá há sẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bẹ ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀, mo sì dúró. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n mo dúró. Mo ń gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́, sà" yẹn, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ó dára ju gbogbo ohun tí mo kọ lọ.

Ìyá àgbà ọjọ́ kìíní ló ru igi ìdáná dé bá wa níbẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó dúró. "Àwọn ọmọ àná tó mọ èèyàn í kí dà?"

"Wọ́n wà nísàlẹ̀, mà," ni mo wí. "Eré ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu páìpù. Mi ò mọ ohun tó gbọ́. Ohun tí mo rí ni pé ó da igi sílẹ̀ gbàràgàdà.

"Inú ṣálángá lẹ bo ọmọ ọlọ́mọ mọ́!"

"Bọ́ńkà ni, mà," olùdarí wí.

"Bọ́ńkà bàbá ẹ! Ìwọ oníṣọ̀ọ̀lù ọrùn, ti díígà yẹn sábẹ́ ẹ̀! Ìwọ tó o wọ awò, kí lò ń wò? Tì í!"

Èmi ni mo wọ awò. A tì í. Àwọn lébìrà náà sáré dé, kọ̀nkéré yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jáde, amọ̀ kún abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ jókòó ti igi ìyá náà, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Àwọn mẹ́ta yòókù bi wá bóyá oúnjẹ ti délẹ̀.

Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà sí Emùré lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ pátápátá, eruku sì ń bò wá. Nígbà tí obìnrin kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ fẹ́ ráhùn, ó rí ojú ọmọ náà, ó fi ìborùn bo imú ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n kí òun tán. Ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó wo èékánná.

"Wọ́n dé e mọ́ ọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ní kí wọ́n dé e?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí ni wọ́n gbẹ́ ihò ọ̀hún fún?"

"Ṣálángá ni. Ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó, mà."

Nínú gbogbo ohun tí ìwé kíkà ti fi sí mi lẹ́nu, gbólóhùn yẹn ni mo mú jáde láti fi gbèjà ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni ń wo kòkó tó ti bu, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé wàá padà síbẹ̀?"

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Mo fẹ́ parí ẹ̀, mà. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n dé e mọ́."

"O gbọ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí. "Lọ́la, ìwọ lo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kí wọ́n dé e mọ́ ẹ. Tó o bá gbádùn ẹ̀, wá sọ fún mi."

Mo wọ̀ ọ́. Mo mú ìwé mi dání àti tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú èrò pé mo máa ka ojú ewé kẹrin dé ìkẹsàn-án kí n tó jáde. Kọ̀nkéré yí lórí mi, ìmọ́lẹ̀ tín-ínrín, ó tán. Èémí mi ń padà wá bá mi láti ara ògiri. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìwé. Mi ò tíì ka ìlà kìíní tán tí mo fi figbe ta. Mi ò rántí ohun tí mo ké. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà lókè rántí, kálukú wọn sì ní bó ṣe ń sín in jẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó ṣí i. Mo rò pé ó pẹ́.

Etí kòtò ni mo jókòó sí tí mo fi fagi lé ojú ewé kẹta. Mo ní kí wọ́n pa ohùn ẹ̀bẹ̀ àná rẹ́. Wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ títí di òní.

"Kí la máa wá fi dé e?" olùdarí bi mí.

"Tapólì."

"Tapólì? Fíìmù tó ń dá ọpọlọ rú, tapólì?"

"Tapólì."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó wo ibi tí mo fagi lé, ó dá a padà. Ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdajì àkàbà, ó dúró.

"Ta ló máa di etí tapólì mú?"

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀rá tapólì náà mú, mo sì gbé e sókè díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa wọlé. Olùdarí pariwo pé òun ń rí ọwọ́ mi nínú fíìmù. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò.