Ẹni Tí Bàbá Mi Kọ́kọ́ Yà

Tíṣà ni bàbá mi nílé ìwé ìjọ kan ní Ìyànà Ọ̀fà, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, ayàwòrán ni wọ́n. Ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan n'Ìbàdàn ló ń gba ìtàn alàwòrán lọ́wọ́ wọn, ìtàn akọni kan tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Akọni yẹn kò ga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tàwọn àgbẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kò kọjá orúnkún, ojú rẹ̀ sì máa ń dà bíi tẹni tí kò sùn dáadáa. Ó lè fọwọ́ kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù tó rì sẹ́rẹ̀, àmọ́ tó bá gbé e tán, á jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, á máa mí hẹlẹ.

Kíláàsì kẹrin girama ni mo wà tí ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìlà tí wọ́n bá fà á wọ́. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Kò pẹ́ tí akọni fi ga, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó wọ bàtà, ó wọ ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ń fò lójú ọ̀run. Kò mí hẹlẹ mọ́. Bàbá mi kò ra ìwé náà mọ́. Èmi ń rà á, mo ń fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí, kí n má purọ́, mo fẹ́ràn tuntun yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá bàbá mi ní yàrá mi, àwọn ìwé náà lórí itan wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé ó dùn ún wò ju tèmi lọ?"

Wọ́n ṣí ojú ìwé kan, wọ́n wò ó títí. "Ọmọ yìí mọ àwòrán yà jù mí lọ. Àmọ́ kò mọ ẹni tó ń yà."

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n àwọn ni akọni. N kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n. Ní kékeré bàbá mi, abúlé kan lódìkejì odò ni wọ́n ti ń wá sílé ìwé. Tí odò bá kún, ẹ̀gbọ́n yìí á pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, á bá wọn sọdá, á sì padà sóko. Òun fúnra rẹ̀ kò wọ kíláàsì rí. Orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́ tó kú, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kò ní fọ́tò kankan.

"Mo rò pé tí mo bá ń yà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní sọnù mọ́ mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Bàbá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Adégbayì nígbà tí ọmọbìnrin kan pè mí lórí fóònù. Òun ló ń ya akọni báyìí, orí kọ̀ǹpútà ló sì ti ń yà á. Ó fẹ́ rí bàbá. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀, ó gbé àwòrán rẹ̀ síwájú wọn. Akọni tún ti yí padà: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, ọwọ́ òsì ló fi ń jà.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yà á, sà. Níbo ni mo ti ṣì í yà?"

Bàbá mi sún àwòrán náà mọ́jú. "Ta lò ń rò tó o bá ń yà á?"

"Ìyá mi ni, sà. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Wọ́n ti kú."

Bàbá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ò ṣì í yà. Máa yà á bẹ́ẹ̀."

Mo sá wọ ilé ìdáná, mo sunkún. Mo ń rò ó pé ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọ́sí ń rò nígbà tó ń ya àyà fífẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í nínú wa, òun náà sì ti kú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi jáde láyé. Ọmọbìnrin náà yá díẹ̀ nínú àwòrán wọn, ó fẹ́ ya ojú ìwé kan bíi tiwọn láti fi yẹ́ wọn sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dá wọn padà.

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, mà. Ojú yẹn ni kò wá."

Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo kó àwọn bébà náà sínú àpótí, pẹ̀lú Bíbélì bàbá mi. Bébà náà ti gbó, etí rẹ̀ ti ń pọ́n.