Bátìrì Tí Òtútù Là

Ọkọ̀ èrò ni Nurain fi ìgbà tí agbára wà lára rẹ̀ wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Láti Thamesmead dé Woolwich, kò sí kọ́nà tí kò mọ̀, àwọn ìyá àgbà a sì máa dúró de bọ́ọ̀sì tirẹ̀ gan-an nítorí pé kì í tẹ bíréèkì lójijì. Ṣùgbọ́n àìsàn ìtọ̀ ṣúgà wọ̀ ọ́ lára, ó sì bá ojú rẹ̀ jà. Dókítà yẹ ojú náà wò, ilé iṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Nurain sì di ẹni tí ń jókòó sílé ní ọ̀sán gangan ní Thamesmead Moorings, tí ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì bí ó ti ń kọjá.

Ẹ̀rọ agékoríko ni ó gbé e dìde. Kì í ṣe irú èyí tí à ń tì kiri. Èyí tí à ń jókòó lé ni, tí ó ní sítíárì. Ó rà á ní àlòkù, ó sì gba iṣẹ́ gígé koríko pápá ìṣeré kan ní Thamesmead North lọ́wọ́ Lékan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bójú tó pápá náà. Ẹni tí ó bá rí Nurain lórí ẹ̀rọ yẹn ní ìgbà ooru àkọ́kọ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe koríko nìkan ni ó ń gé. Ó tún ti rí nǹkan wà.

Nígbà tí òtútù dé, tí koríko kò hù mọ́, ó fara balẹ̀ ka ìwé ẹ̀rọ náà. Ìwé náà sọ pé kí a tú bátìrì kúrò, kí a gbé e sí ibi tí òtútù kò ti ní mú un, kí a má sì jẹ́ kí iná inú rẹ̀ tán. Bátìrì tí ó bá kún kì í tètè dì, ṣùgbọ́n èyí tí iná rẹ̀ bá tán, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, á sì fọ́. Nurain tú u, ó gbé e wọlé. Sakeenah ìyàwó rẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

“Daddy Amirah, kí lẹ gbé wọlé yẹn?”

“Bátìrì ni.”

“Tó ní ásíìdì nínú? Níbi tí àwọn ọmọ ń sùn? Tó bá jẹ́ ìyàwó kejì lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ kọ́lé tiẹ̀ fún un.”

Nurain rẹ́rìn-ín. Ó dá bátìrì padà sínú ẹ̀rọ nínú ṣẹ́ẹ̀dì onípákó tí ó wà lẹ́yìn ilé. Ó fa wáyà gba ojú fèrèsé kíṣìnì, ó sì so ó mọ́ ṣájà tí ń dá dúró fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá ti kún. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn lára ṣájà náà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n pè é láti Ìjẹ̀bú-Igbó pé ìyá rẹ̀ kò lè dìde mọ́. Ó lọ, ó jókòó ti ìyá náà títí ó fi kú, ó sin ín, ó sì dúró yanjú gbogbo ohun tí ikú máa ń fi sílẹ̀ fún àkọ́bí. Bí ó bá ti pe ilé, kò ní ṣàìbéèrè.

“Mummy Amirah, bátìrì mi ńkọ́?”

“Ìyàwó yín wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.”

Oṣù Kẹta ni ó padà dé. Kò tíì mu omi tí ó fi lọ ṣí ṣẹ́ẹ̀dì. Bátìrì ti wú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là. Nígbà tí yìnyín inú rẹ̀ yọ́, ásíìdì ti ṣàn gba orí àwọn wáyà, ó ti jẹ wọ́n, ó sì ti jẹ irin abẹ́ ìjókòó títí ó fi ń ṣí bí èèpo. Kò sí iná lára ṣájà. Nurain tọ wáyà náà padà gba ojú fèrèsé títí dé ara ògiri kíṣìnì. Súwíìsì wà ní pípa.

“Ta ló pa eléyìí?”

“Èmi ni,” ni Sakeenah dáhùn. “Mo máa ń pa á tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́.”

“Tí o bá dé ńkọ́?”

“Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń tàn án padà. Nígbà tó yá, ó ń rẹ̀ mí, mo gbàgbé.” Ó wo ọkọ rẹ̀. “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́? Ẹ ní ẹni tó bá jáde láìpa gbogbo súwíìsì, kó má padà wọlé.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Nígbà tí Nurain wà lọ́mọdé, iná dé lójijì nígbà tí ará ilé kejì wọn kò sí nílé, áyọ́ọ̀nù tí ó gbàgbé lórí aṣọ sì jó ilé náà kanlẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti gbéyàwó ni ó ti ń fi òfin náà dá wọn lágara. Ó ti dá Amirah ọmọ wọn padà láti ibùdókọ̀ rí nítorí kẹ́tùlù. Nígbà tí kò sí nílé, Sakeenah tún pa òfin náà mọ́ ju ti ìgbà tí ó wà nílé lọ, nítorí pé òun nìkan ni ó kù láti ṣọ́ ilé.

“Ẹ bínú sí mi,” ni obìnrin náà wí. “Ó sàn kẹ́ ẹ bínú.”

“Kí ni mo fẹ́ bínú sí?”

Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe wá wò ó, ó mi orí. Wọn kò ṣe irú wáyà àti irin abẹ́ ìjókòó ẹ̀rọ náà mọ́. Nurain pe Lékan, ó sì sọ òtítọ́ fún un.

“Uncle, mo gbọ́ yín,” ni Lékan wí, “ṣùgbọ́n koríko ò ní dúró dè wá. Tó bá di Friday tí ẹ̀rọ yín ò ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá mi máa gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ má bínú, sà.”

Ọjọ́ náà dé, ó sì kọjá. Nurain kò jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, Lékan tún pè. Ìró ẹ̀rọ kan ń kùn lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tuntun yìí ò mọ ilẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Ibo gan-an ni omi máa ń dúró sí nínú pápá yìí?”

Nurain ṣàlàyé fún un. Ó ní kí ó má gba ẹ̀yìn igi góòlù tí ó wà lápá ibi tí omi ń gbà, kí ó máa ti apá ọgbà bọ̀, kí ó má sì yí sítíárì lójijì níbi tí koríko bá ti dúdú ju ìyókù lọ. Ó tún un sọ nígbà tí Lékan ní òun kò gbọ́ dáadáa.

“Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọlọ́run á san án fún yín.”

Ìró ẹ̀rọ náà dá pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Sakeenah béèrè láti òkè pé ta ni ó pè.

“Ibi iṣẹ́ mi ni,” ni Nurain wí. Ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu òun, kò sì mọ bí yóò ti gbà á padà.