Ìwé Tó Di Eré Lọ́wọ́ Alágogo

Àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alágogo nítorí pé aago ló ń tún ṣe, kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìtú u palẹ̀. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Ẹni tó bá yá a ní rédíò, kó má retí pé òun á gbà á padà lódidi. Nítorí náà, nígbà tó ka ìwé ìtàn àròsọ kan tán tó ní òun fẹ́ sọ ayé inú rẹ̀ di eré orí tábìlì, mo mọ̀ pé a ti wọ gàù.

Eré náà kò ta kókó. A ó jókòó yí tábìlì ká. Alágogo ni yóò máa sọ ohun tí ojú wa ń rí nínú ìtàn. Àwa yòókù á di ènìyàn inú rẹ̀, olúkúlùkù á sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, a ó ju dáìsì, dáìsì á sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ìlú tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ni ayé ìwé náà. Ẹni tó bá pidán níbẹ̀, ìrántí rẹ̀ kan á parẹ́ títí láé.

Ẹni tó kọ ìwé náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbé jìnnà sí wa. Màmá Olùkọ́ là ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ bá wa ṣe eré náà, bí kò bá sì jẹ́ ayé inú ìwé àwọn, eré náà kò gbọdọ̀ jáde síta. Bí gbogbo làálàá àbúrò mi ṣe wá wà lẹ́nu ìyá àgbàlagbà kan ṣoṣo nìyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, eré ya. Alágogo ti fún kálukú wa ní agbára idán. A ń lò ó, ó ń dín kù, bí a bá ti sùn nínú ìtàn, ó tún kún. Èmi fọ́ ògiri, mo fọ́ afárá, mo tún fi idán dáná. Mo gbádùn ara mi, kí n má purọ́. Màmá Olùkọ́ rọra gbé dáìsì sílẹ̀.

"Ó dùn," ni wọ́n wí, "àmọ́ ayé mi kọ́ nìyí. Nínú ìwé mi, ohun tó bá lọ ti lọ."

Wọ́n fún Alágogo ní àǹfààní kan sí i. Nígbà tí a délé, mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un: aago ló ṣe fún wọn, èyí tí èèyàn ń yí láàárọ̀, tó bá kú, a tún un yí. Ẹni tó ń fi àtúnṣe jẹun kò kúkú lè gbà pé nǹkan lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó jókòó sáàárín àwọn aago rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Nígbà tí a padà lọ, ó gbé abọ́ omi kan sáàárín tábìlì. Mo rò pé ká fọwọ́ ni. Ó pín bébà pélébé-pélébé fún wa, ó ní ká fi tàdáwà kọ ohun tí ẹni tí a jẹ́ nínú ìtàn rántí, ọ̀kan sórí ẹyọ kan. Kò sí dáìsì fún idán mọ́. Idán á ṣẹ dandan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ ri ìrántí kan sómi títí tàdáwà á fi ṣí, kó sì máa ṣeré lọ bí ẹni tí kò mọ nǹkan náà rí. Màmá Olùkọ́ wo abọ́ náà títí.

Ọmọbìnrin aṣọ́bodè kan ni wọ́n jẹ́ nínú eré náà. A ṣeré títí a fi dé ibodè òkúta. Ẹni tó bá ti ka ìwé náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni bàbá ọmọ náà kú sí, nítorí ọmọ náà kò lè fi ìrántí kankan sílẹ̀. Alágogo yíjú sí Màmá Olùkọ́.

"Ibodè ti ń já bọ̀. Bàbá yín ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Màmá Olùkọ́ mú bébà kan. Mo rí i kà: orin tí bàbá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n rì í sómi. Tàdáwà náà tú jáde, ó sì tán.

"Mo gbé ibodè náà dúró," ni wọ́n wí. "Bàbá, ẹ jáde."

Alágogo ní bàbá ti jáde, ó fi eruku bora, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń kọrin kan sí i létí.

Màmá Olùkọ́ nu ojú wọn. "Orin yẹn mà dùn o, bàbá," ni wọ́n wí. "Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Ẹkún gbọ̀n mí, èmi tí mo ti ń pè é ní eré ọmọdé.

"Nígbà tí mò ń kọ ìwé, mi ò rí ọ̀nà tí mo lè fi gbà á là," ni Màmá Olùkọ́ wá sọ. "Ayé mi nìyí, ọmọ mi. Gbé e jáde kí gbogbo ayé rí i."

Àbúrò mi fò sókè, ó dì mọ́ mi, ẹ̀rín àti omijé ń jáde pọ̀ lójú rẹ̀. Mo yangàn. Mo fẹ́ sáré síta lọ sọ fún ẹnikẹ́ni tí mo bá rí pé àbúrò mi nìyẹn. Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó bébà jọ.

"Ta ló ní kí o palẹ̀ mọ́?" ni Màmá Olùkọ́ bi í. "Bàbá mi ti jáde. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó ní òun ò mọ̀, kò sí nínú ìwé wọn.

"Èmi náà ò mọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa àga wọn sún mọ́ tábìlì.