Ìran Tí N Kò Rí

Oòrùn ọ̀sán ọjọ́ náà mú débi pé kòkó tí a sá ń jó mi lẹ́sẹ̀ bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ yí i lórí ẹní. Ẹ̀yìn ilé la wà, èmi àti ìyàwó àbúrò mi. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà tí a fẹ́ sè fún àwọn tó ń bá wa fọ́ kòkó lóko. Oyún inú rẹ̀ ti lé ní oṣù méje. Ó gbójú sókè, ó ní:

"Ọkọ mi, ṣé ká kó kòkó wọlé ni? Òjò ti ṣú."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ náà ni ìyàwó ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nílé wa, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, eré sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Òjò wo? Àbí oorun ló ń kùn ọ́, ìyàwó?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Mi ò rí ọwọ́ ara mi dáadáa."

Mo wo ojú rẹ̀, ó wú. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn sálúbàtà ti wọ inú ẹran lọ. Ẹ̀rù bà mí. N kò lè sọ pé n kò mọ ohun tó ń ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n.

Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ bàjẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí èyí dé, àwọn nọ́ọ̀sì ìlú wa kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo bá a lọ gba ìwé náà. Àkúrẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, a sì ti fẹnu kò pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni yóò wà títí tí yóò fi bímọ. Ó ti di báàgì rẹ̀. Èmi ni mo dá a dúró.

Aríran ni mí nínú ìjọ aláṣọ funfun kan níbí ní Ìdànrè. Mo ti ń ṣe é tó ogún ọdún. N kò ní sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn ìgbà kan wà tí nǹkan hàn sí mi, tí àyà mi gbóná, tí n kò sì lè pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọ̀sán tí mò ń sọ yìí, n kò rí nǹkan kan.

Ìgbà kòkó ni. Àbúrò mi àti àwọn òṣìṣẹ́ wà lóko wa lọ́nà Ofosu. Bí ìyàwó yìí bá lọ, èmi nìkan ni yóò máa dáná, tí yóò máa sá kòkó, tí yóò máa sáré kó o bí òjò bá ṣú, eékún sì ń dùn mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún un pé, "Ṣé o ò lè dúró kí á fọ́ kòkó yìí tán?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, oyún kì í dúró de kòkó o. Ẹ lọ fẹ́ ìyàwó kékeré."

Ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ kékeré báyẹn dùn mí mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àsìkò ìran tó, mo gbọn ara mi bí mo ṣe máa ń gbọ̀n. Mo ní mo rí mọ́tò kan tó dojú dé lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, mo rí aṣọ aboyún lára igbó. Ìjọ pariwo, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o!" Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìran, bó ṣe ń kọ gbogbo ohun tí aríran bá sọ. Bàbá ìjọ pàṣẹ pé ìyàwó náà kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀nà Àkúrẹ́ títí tí yóò fi bímọ. Wọ́n fún un ní omi àdúrà. Àbúrò mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń wo ìyàwó náà bó ṣe ń kó aṣọ ọmọ jáde kúrò nínú báàgì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbàdúrà lórí báàgì náà, mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn òjò tí ìyàwó náà rí lọ́sàn-án gangan nìyẹn.

Mo fóònù àbúrò mi. Kó tó dé, gìrì ti gbé ìyàwó rẹ̀. Ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí ẹ̀wà. Ọkùnrin Mùsùlùmí kan tó ń ta aṣọ lọ́wọ́ iwájú ilé wa gbọ́ igbe mi, ó sì gbé mọ́tò rẹ̀ wá. A ti gbé ìyàwó náà dé ẹnu ọ̀nà mọ́tò nígbà tí àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó na ọwọ́ méjèèjì dí wa lọ́nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ rí mọ́tò tó dojú dé. Ṣé kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e sínú pósí ni?"

Ọkùnrin aláṣọ náà pariwo, "Ìyàwó ẹ ń kú lọ lójú ẹ, o ń sọ̀rọ̀ ìran! Ṣé mọ́tò tèmi ni wọ́n rí? Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tuntun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà o!"

Àbúrò mi kò wò ó. Èmi ló ń wò.

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n mi. "Irọ́ ni mo pa," gbólóhùn kan péré ni. Ohun tó jáde ni pé, "Olúwa ti yí i padà. Mo rí i báyìí. Ọ̀nà ti mọ́."

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo gbé orí ìyàwó náà lé itan mi láti ilé wa títí dé Àkúrẹ́. Ní gbogbo kọ́nà tó wà lábẹ́ àpáta, mo ń rò pé ibí ni Ọlọ́run yóò ti sọ irọ́ mi di òótọ́. Mo fẹ́ gbàdúrà. Mo ní "Olúwa," ó sì tán síbẹ̀. Orúkọ tí mo fi pa irọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ bí màá ṣe tún fi bẹ̀bẹ̀.

A dé láyọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde tí kò ju òròmọdìyẹ lọ, wọ́n sì fi í sínú àpótí onígíláàsì tó ń móoru. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ kò fi mọ ibi tó wà. Dókítà, obìnrin kan tí kì í pariwo, bi mí pé, "Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó ti wá tí kò wá. Kí ló dé?"

Mo ní, "Ọ̀nà ló jìn, mà." Irọ́ tún nìyẹn.

Ní ìjọ, wọ́n jó. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Olúwa fi ewu hàn, ó sì mú un kúrò nípasẹ̀ aríran rẹ̀. Wọ́n gbé mi síwájú. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn, àdúrà mi sì dà bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ sínú ìkòkò tí wọ́n dé. Ó dá mi lójú nígbà náà pé ọmọ náà ni Ọlọ́run yóò gbà dípò ohun tí mo ṣe. Bí fóònù bá ti dún, mo rò pé òun nìyẹn. Mo gun Òkè Ìdànrè ní ọjọ́ Wẹsidé kan láti lọ gbàdúrà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń ṣe. Ìdajì àtẹ̀gùn ni mo dé. Mo jókòó. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń kọjá, wọ́n ní, "Ẹ kú ìsinmi, mà." Mo dá wọn lóhùn, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò mi wá bá mi nílé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, bí a ṣe máa ń bọ́ ọ níwájú ẹni tó fẹ́ ríran sí wa.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọmọ náà ṣì máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó ti sú mi. Ẹ bá mi wò ó nínú ẹ̀mí. Bí kò bá ti séwu, màá gbé e wálé lọ́la, ká máa fi àdúrà tọ́jú ẹ̀."

"Wọ bàtà ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Wọ bàtà ẹ, kó o jókòó. Mi ò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn náà, mi ò rí nǹkan kan."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Kò sí mọ́tò kankan. Mi ò fẹ́ kó lọ ni, torí kòkó."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà kan. "Èyí tẹ́ ẹ wá sọ nígbà tá a fẹ́ wọ mọ́tò ńkọ́?"

"Ìyẹn náà."

Bàtà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò là á mọ́ mi, n kò sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Torí kòkó." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ kò ga. Ó jáde láìwọ bàtà náà. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní, "Jọ̀ọ́, fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ dókítà." Ó ti dé títì.

N kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fóònù ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e.

"Ó ti sọ fún mi," ó ní. "Ọmọ ṣì wà níbi tó wà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó dá mi dúró.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ga. Ẹ̀yin lẹ bá mi lọ gba ìwé yẹn."

Mo dúró kó pè mí ní nǹkan kan, kó tiẹ̀ bú mi. Ó pa fóònù.

Ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá bàbá ìjọ. Ó gbọ́ mi tán, ó wá bi mí pé, "Mélòó ló rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó kù?" Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni. Mo wo ẹ̀yìn, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tí àyà mi gbóná sí àti èyí tí inú ń bí mi sí. Ó ní kí n sọ ọ́ níwájú ìjọ. Mo sọ ọ́. Akọ̀wé fa ìlà gba ojú ìwé méjèèjì tó kọ ìran náà sí. Wọ́n gba àmùrè ìdí mi, wọ́n ní kí n máa jókòó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn àlejò fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí a jáde, obìnrin kan tí mo ti ríran sí rí pé kó fi ọjà Ọ̀rẹ̀ sílẹ̀ dí mi lọ́nà.

"Tèmi ńkọ́, Ìyá Aríran? Ẹ̀mí ni, àbí kòkó?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni àbúrò mi ń fi ránṣẹ́. Ọmọ ní ibà. Èémí rẹ̀ dúró díẹ̀, wọ́n ti gbà á là. Ó ń mu wàrà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò tíì wálẹ̀. Mo ń kà wọ́n nídìí kòkó. Wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó, wọ́n sì ń padà lọ fún àyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rù náà kò sì kúrò lára mi.

Ìgbà kòkó ti kọjá kí àbúrò mi tó pè mí. Ọ̀sán ni, mò ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

"Wọ́n ní ká má padà wá mọ́, àfi fún abẹ́rẹ́ àjẹsára," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ti wálẹ̀. Ọmọ kò léwu kankan mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ni. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má tíì wá o. Ìyàwó mi ní kí ẹ má tíì wá."

"Mo gbọ́."

Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ti rò pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rù yìí bá kúrò, n óò rí Ọlọ́run níbi tí mo fi í sí. Ẹ̀rù náà kúrò lóòótọ́, n kò sì rí ohunkóhun nípò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ń gbá, mo dúpẹ́ pé ọmọ náà yè. N kò gbọ́ ìdáhùn, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo gbọ́.