Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Dárúkọ Ara Rẹ̀

Òórùn burúkútù máa ń ṣáájú bàbá mi wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Jos bíi tiwa, ẹ mọ òórùn ọtí ọkà bàbà tó ti kan, tó máa ń wọ aṣọ òtútù lára, tí ọṣẹ kì í tètè bọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, òórùn yẹn wọ ilé wa ní Nasarawa Gwong, bàbá mi sì tẹ̀ lé e, eruku pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọ nù. Màmá mi ń dín àkàrà. Kò pariwo rárá. Ó kàn sọ pé bí bàbá mi ò bá wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọtí yìí, òun á kó èmi àti àbúrò mi lọ bá ìyá òun ní Iléṣà. Bí màmá mi bá ń pariwo, ẹ fọkàn yín balẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ wá ibi sá sí.

Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo fẹ́ràn bàbá mi. Akọ̀wé ni. Òun ló fi Bíbélì kọ́ mi láti ka Yorùbá, nígbà tó jẹ́ pé Hausa ni gbogbo wa ń sọ ní àdúgbò. Bí ojú rẹ̀ bá ti dá, kò sí ẹni tó tutù tó o.

Aṣọ ni màmá mi ń rán. Oníbàárà rẹ̀ kan, Mama Kaneng, ọmọ Bẹ̀róòmù, ló sọ fún un pé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí máa ń pàdé ní kíláàsì iléèwé kan ní Dadin Kowa ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ tirẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí. Màmá mi máa ń sọ pé, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran." Ó nu ojú, ó sì béèrè ọ̀nà. Nígbà tí Sátidé pé, ó ní kí n tẹ̀ lé bàbá mi, pé ọkùnrin tó bá di ọmọ lọ́wọ́ mú kì í yà sílé ọtí. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ wa ṣe ń kọjá níwájú ilé burúkútù, bàbá mi fún ọwọ́ mi mọ́ra títí ó fi dùn mí.

Àwọn àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dárúkọ ara wọn lásán lédè Hausa, wọ́n á ní ọ̀mùtí làwọn, àwọn yòókù á sì fi orúkọ náà kí wọn. Ó kan bàbá mi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló ń pe àgbà lórúkọ láàárín wa? Màmá mi kò dárúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Bàbá mi wúkọ́, ó ní, "Sunana Baba Yemisi. Ni mashayi ne."

Èmi ni Yẹ́misí. Orúkọ mi àti ọ̀mùtí, lẹ́nu kan náà! Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ má mọ̀ wá.

Da Gyang, arúgbó tó ń darí wọn, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Yemisi ba ta sha," ó ní. "Wa ke sha?" Yẹ́misí kì í mu ọtí, ta ló wá ń mu ún? Bàbá mi rọra jókòó.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ó yíjú sí mi. "Yẹ́misí, má bínú."

"Mi ò bínú, Bàbá. Ṣé ẹ máa padà lọ?"

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ó ní, "òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, àmọ́ mi ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Sátidé kejì, ó ṣí fìlà. "Sunana Adebayo. Ni mashayi ne."

"Sannu, Adebayo!" Gbogbo wọn ló pè é bẹ́ẹ̀, títí kan onígbàjámọ̀ kan tí bàbá mi lè bí lọ́mọ. Mo ti dìde láti lọ kọ́ onítọ̀hún lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ni mo bá rí ojú bàbá mi. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn fún màmá mi, ó lanu sílẹ̀. "Adébáyọ̀ gan-an?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún, ó sì bu orí ẹja fún un lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe pé ọtí tán lára rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó tún ṣubú, ó tún padà lọ, màmá mi tún sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ a ò kó lọ sí Iléṣà, àfi bí a bá lọ ṣe Kérésìmesì.

Rantya, ní Jos kan náà, ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti dàgbà ju bàbá mi ìgbà yẹn lọ. Ó ti darúgbó, kò mu ọtí mọ́ láti ìgbà tó ti pẹ́, síbẹ̀ èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Dadin Kowa ní Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò lè wò mí lójú. "Don Allah, nan ne wurin?" Mo ní ibẹ̀ náà ni, kí wọ́n wọlé. Mo wá nawọ́ sí iwájú, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé ọ̀mùtí tó jókòó sí ìdí bọ́ọ̀dù yẹn, bàbá mi ni.