Ọ̀dà Dúdú Ilé Hollybatch

Bí ẹ bá fẹ́ bá bàbá àgbà mi, Reuben Preece, jà, ẹ sọ fún un pé ilé rẹ̀ ti gbó. Á ní, "Ilé tó ti sin baba baba yín, ṣé ẹ̀yin lẹ máa rí òkú rẹ̀?" Inú ilé oko náà, Hollybatch, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló gbéyàwó sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bínú sí mi láti ìgbà tí mo ti mọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

Ilé onígi ni. Àwọn tó kọ́ ọ gé igi óòkù ńlá tó tẹ̀, wọ́n là á sí méjì, wọ́n wá gbé méjèèjì dìde kí wọ́n forí kanrí lókè bí tọkọtaya tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀; èèkàn igi ló dè wọ́n pọ̀. Láàárín àwọn igi náà, wọ́n hun ọ̀pá bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Màlúù ló ń sùn ní apá ìsàlẹ̀ láyé ọjọ́un, èèyàn ní apá òkè. Mo máa ń sọ fún bàbá àgbà pé ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni yóò wí, "ẹnu rẹ ò ní jẹ́ kí o rọ́kọ fẹ́."

Bí ìgbà ìrúwé bá ti dé, á gun àkàbà, á fi ọ̀dà dúdú kun igi, á fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí amọ̀ bá ti là, á sì kùn ún ní funfun. "Báyìí làwọn baba wa ń ṣe é," ló máa ń wí. Màmá Dorcas Gwilliam tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà kì í kun nǹkan kan ní tirẹ̀. Igi ilé rẹ̀ rí eérú-eérú bí irun àgbà. Bàbá àgbà a sì máa ké sí i níwájú ṣọ́ọ̀ṣì:

"Dorcas, ilé rẹ dà bí ẹnu tí wọn ò fọ̀!"

"Ẹni tó léyín ló ń fọnu, Reuben."

Eyín tó kù lẹ́nu bàbá àgbà kò ju mẹ́ta lọ.

Nígbà tí ọkọ Màmá Dorcas kú, amọ̀ ń já bọ́ lára ògiri àríwá ilé wọn. Ọ̀rẹ́ bàbá àgbà láti kékeré lọkùnrin náà, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu opó nínú. Ó gbé àkàbà sọdá, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà látòkè délẹ̀, ó kun igi ògiri yẹn nìkan dúdú. Láti ìgbà yẹn, bí Kérésìmesì bá dé, Màmá Dorcas á gbé kéèkì eléso wá. "Ti ògiri mi ni o," ni yóò wí.

Nígbà ìrúwé tó kọjá, mo di àkàbà mú fún bàbá àgbà, mo sì ń mì í díẹ̀díẹ̀ kó lè pariwo. Ó pariwo lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí tèmi. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wọnú òpó igun ilé bí ìgbà tí ìka bá wọnú búrẹ́dì tútù. Ó fi òòlù kan sìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó ṣí bí èèpo, omi sì dà tẹ̀ lé e. Amọ̀ a máa mu òjò, a sì máa dá a padà fún atẹ́gùn. Sìmẹ́ńtì há a mọ́ inú ni, títí igi fi jẹrà. Níbi tí ọ̀dà ti bó, èyí tó ṣì le nínú igi náà rí eérú-eérú bíi ti ilé Màmá Dorcas. Àṣé àwọn baba wa ò kun nǹkan kan rí.

"Ẹ má dààmú, a máa tún òpó yìí ṣe," ni mo wí. Ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu mi.

Kò tiẹ̀ wo òpó. Ògiri àríwá ilé òdìkejì ló ń wò. "Mo ti pa ilé ọ̀rẹ́ mi," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún Màmá Dorcas. Ẹ̀yìn ibojì ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Màmá Dorcas gbé ẹyin wá fún wa, bàbá àgbà sá pamọ́ sínú yàrá tí a ń kó wàràkàṣì sí. "Sọ fún un pé mi ò sí nílé," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo kígbe sókè: "Màmá, bàbá àgbà ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé!"

"Reuben," ni Màmá Dorcas pè, "ṣé eyín ló ń dùn ọ́ ni?"

Bàbá àgbà jáde, etí rẹ̀ pọ́n bí ogbe àkùkọ. Ó mú òòlù, ó ní kí màmá jẹ́ káwọn jọ sọdá. Mo tẹ̀ lé wọn.

"Dorcas, ògiri tí mo ṣe fún ọ..."

"Kí ló ṣe ògiri mi?"

"Mo bà á jẹ́ ni. Tèmi ti jẹrà. Tìrẹ náà ń jẹrà nínú."

Ó gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan péré. Omi dúdú ṣàn jáde, igi sì rún wómúwómú. Màmá Dorcas ṣa díẹ̀ sọ́wọ́, ó ń fìka tẹ̀ ẹ́.

"Kéèkì mélòó ni mo ti ṣe fún ọ, Reuben?"

"Jọ̀ọ́, má kà á."

Màmá wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò gbé omi tíì kaná fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa, dípò kí èèyàn má fún àlejò ní tíì, kó kúkú gbá a létí ló sàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àgbà bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fẹsẹ̀ po amọ̀ àti koríko àti ìgbẹ́ màlúù níwájú ilé Màmá Dorcas, ní etí ọ̀nà gan-an. Àwọn ará abúlé ń kọjá.

"Reuben, ijó wo nìyẹn?"

Ó ń tẹ amọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan tiwa títí ti màmá yóò fi parí. Èmi náà bọ́ bàtà mi, mo bá a tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Màmá Dorcas jáde. Ó gbé ife tíì kan sórí ọgbà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó padà wọlé. Bàbá àgbà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fẹnu kàn án, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Síbí ṣúgà mẹ́ta ló máa ń fi mu tíì, màmá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kò fi ẹyọ kan sí i.

Bàbá àgbà mu ún tán pátá.