Ẹni Tó Ń Yẹ Ìwé Mi Wò ní Peckham

Aládùúgbò mi ní ilé káńsù tí mò ń gbé ní Peckham máa ń fi ìwé pamọ́ sínú ìrẹsì. Mi ò tètè mọ̀. Lift ilé wa ti bàjẹ́ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, mo sì bá ìyá àgbàlagbà náà gbé àpò ìrẹsì gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan. Nígbà tí a dé ilé ìdáná wọn, wọ́n ṣí ike ìrẹsì, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n sì yọ ìwé ìkọ̀wé márùn-ún tí wọ́n fi ọ̀rá dì jáde. Wọ́n da ìrẹsì tuntun sí i, wọ́n dá ìwé padà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá màá mu tíì.

Mo ní kí ni ìwé ń wá nínú ìrẹsì. Wọ́n ní ìtàn tí àwọn ń kọ lọ́wọ́ ni, pé ní ìlú àwọn, ibẹ̀ ni ìtàn ń gbé títí yóò fi parí.

Ilẹ̀ tí àwa ń pè ní Bọ́mà ni wọ́n ti wá, nítorí náà Àǹtí Bọ́mà ni mo ń pè wọ́n. Bàbá tó bí ìyá mi ja ogun Bọ́mà. Nígbà tí mo sọ èyí fún wọn, wọ́n ronú sí i dáadáa, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ bí bàbá àgbà ṣe máa ń sọ ìtàn náà, ẹ ó gbà pé àwọn gan-an ò mọ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì là ń bá ara wa sọ, tèmi ń sáré, tiwọn ń rìn. Ìwé ìtàn mẹ́jọ ni wọ́n kọ nílé. Láyé ìgbà náà, ìjọba ológun ní ọ́fíìsì kan tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa yẹ ìwé wò lọ. Òǹkọ̀wé á tẹ ìwé rẹ̀ tán, á gbé e lọ bá wọn, wọ́n á wá sọ ojú ìwé tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló máa jókòó, tí á máa fi tádàwá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tàbí kó ya ojú ìwé náà dànù. Àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé á kóra jọ sí pálọ̀ ẹnì kan, wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á sì máa bá ọ̀rẹ́ wọn ya ìwé bí ìgbà tí à ń já ewé ẹ̀fọ́. Ẹ̀rín ni Àǹtí Bọ́mà ń rín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn lọ sẹ́wọ̀n nítorí ìtàn tí kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu àwa méjèèjì.

Àṣà náà ò tíì kúrò lára wọn. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá kanlẹ̀kùn láti wo páìpù omi gbígbóná, ìdí ike ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ.

Èmi náà ń kọ̀wé nígbà náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, inú bọ́ọ̀sì ni mo sì ti ń kọ ìtàn ìdílé wa, lédè Yorùbá. Èmi náà sì ní ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé mi wò. Ẹnì kan péré ló wà níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n tọ́ mi dàgbà ní Peckham níbí láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mọ́mì ni mo ń pè wọ́n. Ìyá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Nígbà tí etí wọn gbọ́, wọ́n pè mí lórí fóònù.

"Wọ́n ní o ń write book nípa ẹbí," ni Mọ́mì wí. "Kò burú. Before o máa print ẹ, màá ka gbogbo ẹ̀. Mo ti ra red biro."

Ẹ má sọ pé kí n kọ̀. Ẹni tó ń ṣe shift méjì lójúmọ́ kí n lè rí bàtà wọ lọ síléèwé, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé ìwé tèmi ni? Bí Mọ́mì bá ní kí orí kan kúrò, ó ti kúrò nìyẹn.

Orí kẹfà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ bí ìyá mi ṣe kó jáde nílé bàbá mi lọ́jọ́ ọjà kan, pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo, nítorí pé ẹgba bàbá mi ti pọ̀ jù. Iléèwé ni mo wà. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìtàn yẹn nínú ẹbí wa. Mọ́mì, tí wọ́n ṣì wà nílé lọ́dún náà kí wọ́n tó mú mi wá sí London, ti fi Bíbélì búra níwájú àwọn àgbà pé àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá bi wọ́n, ìdáhùn kan náà ni: "A délé, a ò bá a. Ta ló mọ̀?" Ìyá mi ti kú báyìí. Kò sí ẹ̀yẹ mìíràn tí mo lè ṣe fún wọn ju orí kẹfà yẹn lọ, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé red biro máa jẹ ẹ́ run.

Mo gbé ẹjọ́ mi lọ bá Àǹtí Bọ́mà. Inú wọn dùn gan-an, bí ìgbà tí wọ́n pe oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti fẹ̀yìn tì pé kó wá.

"Nínú gbogbo ìwé mi," ni wọ́n wí, "ọkùnrin kan máa ń fẹnu ko obìnrin lẹ́nu ní ojú ìwé ogún. Fún ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò ni. Á bínú, á gé e, inú rẹ̀ á dùn pé òun ti ṣiṣẹ́ òòjọ́. Nígbà tó bá fi dé ojú ìwé ọgọ́rùn-ún, níbi tí ọ̀rọ̀ mi wà, ebi ọ̀sán á ti máa pa á. Ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ rí nǹkan gé."

Bí mo ṣe kọ orí kejì nìyẹn. Mo kọ bí Mọ́mì ṣe sùn lórí ìdúró nígbà àdúrà, tí àbẹ́là ọwọ́ wọn rọra tẹ̀, tó sì ran sùtánà olórí akọrin lẹ́yìn. Olórí akọrin fò sókè. Gbogbo ìjọ rò pé Ẹ̀mí ti gùn wọ́n, a bú sí halelúyà, a sì ń pàtẹ́wọ́ títí ẹnì kan fi gbóòórùn aṣọ tó ń jóná. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo tún fi bí Mọ́mì ṣe ń hanrun kún un, kí ọbẹ̀ náà lè ta dáadáa.

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Mọ́mì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohun tí Àǹtí Bọ́mà ò mọ̀ ni pé Mọ́mì kì í fojú kàwé. Bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe ń kà á, lórí ìdúró, pẹ̀lú ohùn gooro. Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ka orí kejì fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n ti kà á fún olórí akọrin lórí fóònù, olórí akọrin sì ní kí wọ́n tún un kà.

"Ó dùn gan-an," ni Mọ́mì sọ fún mi. "But o ò sọ pé candle yẹn tóbi. Candle ńlá ni. Correct ẹ."

Red biro ò gé nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló fi kún un. Mo ju eegun sílẹ̀ kí n lè ráyè kọjá, eegun dùn, wọ́n ní kí n mú òmíràn wá. Kì í ṣe pé mo fi Mọ́mì wé ajá o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo lọ ròyìn fún Àǹtí Bọ́mà. "Ọ̀gá tó ń yẹ ìwé mi wò ò sí nínú ìwé mi rí," ni wọ́n wí. "Mi ò rò ó débẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Mọ́mì ò pè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kí mi bí ìgbà tí èèyàn ń kí òṣìṣẹ́ káńsù. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dé orí kẹfà. Àǹtí Bọ́mà ní kí n mú ẹ̀dà orí kẹfà wá, wọ́n fi ọ̀rá dì í, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọnú ìrẹsì.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, èmi àti Àǹtí Bọ́mà ń mu tíì nílé mi nígbà tí a gbóhùn Mọ́mì lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń bú káńsù ní àjà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó kanlẹ̀kùn, Àǹtí Bọ́mà ti gbá gbogbo ìwé orí tábìlì mi jọ, wọ́n sì jókòó lé e.

Mọ́mì wọlé, wọ́n gba omi, wọ́n gbé orí kẹfà lé mi lọ́wọ́. Mo ṣí ojú ìwé kìíní, kò sí pupa níbẹ̀. Èkejì ò ní pupa. Ní ẹ̀kẹta, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé, "Màmá mi dá gbé àpótí wọn, kò sí ẹni tó bá wọn gbé e," red biro ti fa ìlà kọjá lórí gbólóhùn náà. Lókè rẹ̀, Mọ́mì fi ọwọ́ ìkọ̀wé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni. Èmi ni mo rù ú dé gáréèjì."

Mo gbójú sókè. Fèrèsé ni wọ́n ń wò.

"Bíbélì gidi ni wọ́n gbé fún mi o," ni Mọ́mì wí. "Forty years ni mo ti ń beg Ọlọ́run lórí ẹ̀."

Ẹkún ti gbọ̀n mí. Àǹtí Bọ́mà bi mí pé kí ni wọ́n gé. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní gígé nìkan ni ọ̀gá tàwọn mọ̀ títí àwọn fi kúrò nílé.

"Mọ́mì," mo ní, "tí ẹbí bá kà á ńkọ́?"

"Kí wọ́n kà á." Wọ́n gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi, wọ́n yọ red biro, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn kọ. "Àpótí yẹn wúwo gan-an," ni wọ́n wí. "Mi ò sọ pé ó wúwo. Gbà, correct ẹ."